Àdìrẹ Tí A Tẹ́ Sábẹ́ Katakata

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń da omi gbígbóná sórí ògì ní ilé ìdáná, mo gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún wúkọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú, ó tún kú. Mo dá ọwọ́ dúró. Nígbà tó yá ó fà á gùn, ó sì mú un, ó wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bó ṣe máa ń sọ ọ́, kù-tù, kù-tù, kù-tù, bí àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn lọ sí mọ́sáláṣí. Kò pẹ́ tí òórùn epo bẹntiróòlù àti ti ọ́ìlì àtijọ́ fi gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi. Ògì mi di kókó nínú abọ́, torí mo gbàgbé láti máa rò ó.

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi sábà máa ń bi mí pé kí ló dé tí a ò kó irin yẹn fún àwọn tó ń ra àlòkù. Ẹ ní ẹ̀rọ ìgékoríko tó ń lo bátìrì wà ní ṣọ́ọ̀bù, kì í pariwo, kì í rùn. Òótọ́ lẹ sọ. Aládùúgbò wa ń lo ọ̀kan, ó dára, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí katakata kékeré yìí ṣe fún wa nígbà tí Sídíkà, ìyá yín, ṣì jẹ́ ọmọdé, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún tí wọ́n ń pè ní náíńtíìsì nìyẹn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ilé yìí ní District Heights, ní Amẹ́ríkà níbí ni, láti inú yàrá méjì tí a háyà ní Seat Pleasant. Bàbá yín àgbà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Sídíkà, ń fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nínú ìlú Washington. Ìrọ̀lẹ́ ló ń wọ iṣẹ́, àárọ̀ ló ń jáde. Èmi ń bá wọn tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Mi ò mọ ọkọ̀ wà, bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti dúró ti ìyá mi nídìí aró, nítorí náà bébà yòówù tó bá wọ ilé, Bàbá Sídíkà ló ń kà á.

Ẹni tó ń gbé lápá ọ̀tún wa ni Mista Kálífìn, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì wíwà. Inú oko tábà ni wọ́n bí i sí, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní Carolina. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ohun tó fẹ́ràn jù ni àwọn katakata kéékèèké àtijọ́, irú èyí tí àwọn tí àgbàlá wọn fẹ̀ máa ń gùn bí ẹṣin láti fi gé koríko. Èyí tí ẹlòmíràn bá jù sílẹ̀ ni yóò gbé wálé, yóò tú u palẹ̀, yóò pa á pọ̀ padà, yóò kùn ún. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó sórí àga onírin, yóò máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní gbogbo Sátidé ìgbà ooru, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń kó tiwọn wá, wọn á tò wọ́n sábẹ́ igi ńlá tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Àgbà ni gbogbo wọn, fìlà olójú gígùn lórí, sípánà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Àwọn tó fẹ́ràn èyí tí wọ́n kùn ní pupa kì í fẹ́ jókòó ti àwọn tó fẹ́ràn aláwọ̀ ewé. Ọ̀kan á ní, "Tìẹ yẹn, inú ilé adìyẹ ló yẹ kó wà." Èkejì á ní, "Tèmi ń gé koríko, tìẹ ń jẹ epo." Títí oòrùn á fi yí ni wọn á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn kò ní kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n bá sì dé ìdí bóòtù tó le, pupa àti aláwọ̀ ewé á jọ rọ̀ mọ́ sípánà kan náà. Níbi tí mo ti wá, ohun téèyàn bá fẹ́ lò ló ń tún ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn èèyàn tó ń tún nǹkan ṣe torí pé títún un ṣe fúnra rẹ̀ dùn mọ́ wọn. Mo rò pé eré ọwọ́ àwọn tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ wọn ni. Nígbà tó yá, Bàbá Sídíkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì wọ́n kó tó lọ sùn, ó ń bá wọn di iná mú, ó ń bá wọn na ọwọ́ sí sukudiráfà. Oorun rẹ̀ dínkù, ẹ̀rín rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe kàn wá. Ní ọdún tó ṣáájú, inú gbọ̀ngàn kan tí jámọ́à wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa Mùsùlùmí, háyà la ti kírun Iléyá. Ààfáà wa kò tíì parí ìwàásù tí àwọn kan fi dé, tí wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ wọn níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga kọjá láàárín wa. Nígbà tí Ààfáà ń ṣe àdúà ìkẹyìn, bàlúù kan bẹ́ lẹ́yìn, òun ló ṣe àmín àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn la gbà jáde pẹ̀lú agbádá àti ìbòrí wa, bí àlejò tó ti pẹ́ jù. Ojú ti àwọn ọmọ wa. Sídíkà bi mí nínú mọ́tò pé, "Màmá, ṣé a ò ní ibi tiwa ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí jámọ́à sáré ra ilẹ̀ ní Temple Hills kí ọdún tó yí po. Ilé àtijọ́ kan ló wà níwájú, tí a sọ di mọ́sáláṣí. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pápá gbalasa, koríko ibẹ̀ sì dé ìbàdí èèyàn. Ilẹ̀ yẹn ti gbẹ àpò gbogbo wa, kò sí ohun tí a ó fi pe àwọn tó ń fi gígé koríko ṣiṣẹ́ ṣe. Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, a jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Alájì Lásísì, tó ń bójú tó ètò ọdún, dìde, ó ní kí a padà sí gbọ̀ngàn, òun ti bá wọn sọ̀rọ̀. Kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní òmíràn láti sọ. Ìgbà náà ni mo rí Bàbá Sídíkà tó nà ró ní sàfù ẹ̀yìn, ìlà àwọn tó jókòó kẹ́yìn.

"Èmi á gé pápá yẹn."

Alájì Lásísì wò ó. "Kí lẹ fẹ́ fi gé e, Bàbá Sídíkà? Abẹ ìfárí?"

Gbogbo mọ́sáláṣí rẹ́rìn-ín. "Mo ní katakata," ni ọkọ mi wí.

Ààfáà ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí pápá bá mọ́ kí oòrùn ọjọ́ Árafà, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, tó wọ̀, orí ilẹ̀ wa la ó ti kírun. Bí kò bá mọ́, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn yóò wà lọ́wọ́ Alájì. Bó ṣe parí nìyẹn. Orúkọ ọkọ mi ti wà lórí koríko yẹn níwájú gbogbo jámọ́à.

Nínú mọ́tò, mo bi í pé, "Katakata wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn ilé Mista Kálífìn."

"Èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé inú ẹ̀?"

"Òun náà."

Mo wo ojú fèrèsé títí a fi délé.

Mista Kálífìn gbọ́ ẹjọ́ wa, ó fọwọ́ ra àgbọ̀n, ó ní bí a bá lè jí i dìde, tiwa ni. Ṣùgbọ́n ó ní a ò ní sáré. Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Ohunkóhun tí o bá tú lára ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. O máa tẹ́ aṣọ ni, wàá máa tò wọ́n láti òsì lọ sí ọ̀tún bí wọ́n ṣe ń jáde, kó lè jẹ́ pé láti ọ̀tún ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o bá ń dá wọn padà. Ó wá aṣọ kiri, gbogbo tirẹ̀ ti kún fún irin ẹ̀rọ mìíràn. Mo wọlé, mo lọ gbé àdìrẹ mi wá.

Mo mọ̀ pé ẹ ti rí aṣọ náà, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ibi tó ti wá. Ìyá mi ló ṣe é, ní agbo ilé wa ní Ìbàdàn, nígbà tí mo kéré ju Sídíkà ìgbà náà lọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ó máa ń fi òwú pín aṣọ funfun sí ojú-ojú onígun mẹ́rin, èmi ni mo máa ń di orí òwú mú lápá kejì. Yóò wá ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, yóò máa yàwòrán sínú ojú kọ̀ọ̀kan: ẹyẹ, ewé, ṣíbí, àkekèé, ìdajì òṣùpá. Ibi tí ẹ̀kọ bá kàn, aró kò ní mú un. Òórùn ẹ̀kọ tó ń gbẹ nínú oòrùn, mo lè gbọ́ ọ nísinsìnyí tí mo bá di ojú. Kì í fi ojú kankan sílẹ̀ lófìfo. Lórí aṣọ yẹn, ó fún mi ní ojú kan ní igun, ó ní kí n ya ohun tó bá wù mí. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ yà. Mo mú ìyẹ́ dání, mò ń ronú, mò ń ronú, títí ẹ̀kọ fi gbẹ mọ́ ọn. Aṣọ wọ inú aró bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú tó kù ní àwòrán, igun yẹn jẹ́ aró lásán. Ìyá mi wò ó, ó ní, "Ó dáa, yóò máa dúró dè ọ́." Òun ló fún mi nígbà tí mo ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Aṣọ yìí ni mo tẹ́ sórí koríko Mista Kálífìn. Ó dúró, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń tú ẹ̀rọ, òun kò rí aṣọ tó ní yàrá fún bóòtù kọ̀ọ̀kan rí. Sídíkà ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń pè é. "Nọ́ọ̀tì méjì, lórí ẹyẹ. Sípíríǹgì, lórí àkekèé. Púlọ́ọ̀gì, lórí òṣùpá." Àwọn àgbàlagbà onífìlà yẹn ń tún un wí lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pe ẹyẹ ní ẹyẹ, àkekèé ní àkekèé, ohùn Carolina ni wọ́n fi ń pè é.

Ilé ọ̀kẹ́rẹ́ la kọ́kọ́ kó kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó nilé jókòó sórí igi, ó ń wo bí a ṣe ń tú ẹrù rẹ̀ síta. Táǹkì epo ti dípẹtà nínú. Ìyẹn kò ṣòro fún mi. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sí i, mo gbé e lé itan, mo ń mì ín bí a ṣe máa ń fi iyanrìn fọ ìgò epo nílé, títí omi rẹ̀ fi mọ́. Bàbá Sídíkà jókòó ti abẹ, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń yí lábẹ́ tó ń gé koríko. Ó fi fáìlì pọ́n ọn láràárọ̀ kó tó lọ sùn, ó ń fi àtàǹpàkò wò ó, títí ó fi ń dán. Ohun kan ṣoṣo tí a kò rí tú ni bẹ́líìtì tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ìdí abẹ. Eku ti jẹ ẹ́ tán, kò sí fọ́nrán rẹ̀ kan. Nítorí náà, kò ní ojú tirẹ̀ lórí aṣọ.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jí i, Sátidé ni. Ó jẹ́ ìṣe wọn pé tí ẹ́ńjìnnì tó ti kú pẹ́ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á ṣí fìlà, ẹnikẹ́ni kò ní fọhùn. Pupa ṣí fìlà, aláwọ̀ ewé ṣí fìlà. Ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló mú un. Àwọn ọmọ àdúgbò ní arúgbó ni, wọ́n sọ ọ́ ní Gírámà, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí. Ní báyìí èmi náà ni ẹ̀yin ń pè bẹ́ẹ̀, kò burú, àwa méjèèjì la máa ń wúkọ́ láàárọ̀ kí a tó lè dìde. Mista Kálífìn ní ẹni tó fọ táǹkì gbọ́dọ̀ gùn ún. Mo ní rárá o. Ó ní òfin ni. Mo ká ìró sókè, mo gùn ún yí àgbàlá, mo sì wó tòmátì rẹ̀ kan. Ó ní tòmátì yẹn ló wà lójú ọ̀nà.

Nígbà tí Iléyá kù fẹ́ẹ́rẹ́, Mista Kálífìn ní láti lọ sí Carolina, ibi tí gbogbo ẹbí rẹ̀ ti ń pàdé. A ti ra bẹ́líìtì, kò tíì dé. Kó tó lọ, ó sọ fún wa pé, "Bẹ́líìtì yẹn, ẹ dúró dè mí. Bó ṣe ń yíra kò jọ tibòmíràn." Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Iléyá ló máa padà dé. Ìṣẹ́jú kan kò sí láti dúró.

Nígbà tí bẹ́líìtì dé, Bàbá Sídíkà ránṣẹ́ pe Bàbá Ràfíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àga àti bẹ́ẹ̀dì kiri fún ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ̀rọ ìlọta ni bàbá rẹ̀ ní ní Ọ̀yọ́, ìdí rẹ̀ ló dàgbà sí. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ katakata, ó ní, "Bẹ́líìtì ni bẹ́líìtì ń jẹ́." Ó fà á kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó gbé e gba orí wílì kéékèèké méjì, ó wá tì í sísàlẹ̀ sí ìdí abẹ. "Lọ́dọ̀ wa, a máa ń lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan," ló wí, "kó má bàa máa já bọ́." Ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n jí i, abẹ ń fẹ́ atẹ́gùn hùù lábẹ́. Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́. A kò rí ibi tí a ó ti dán an wò, torí gbogbo koríko àdúgbò, Mista Kálífìn ti gé e mọ́lẹ̀ kó tó lọ.

Ọjọ́ Árafà ni a gbé e lọ sí Temple Hills nínú ọkọ̀ Bàbá Ràfíù. Púpọ̀ nínú wa ló gba ààwẹ̀. Oòrùn ń ta, ètè gbẹ, síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àyìlà ọ̀sán, jámọ́à yọ sẹ́yìn ilé láti wo katakata Bàbá Sídíkà. Ó ti dé fìlà olójú gígùn tí àwọn onísípánà fún un. Ó ṣe Bísímílà, ó wọ inú koríko lọ.

Ohùn rẹ̀ dùn. Koríko iwájú tẹrí ba fún un. Ó kọjá lórí wọn. Nígbà tó kọjá tán, gbogbo wọn rọra ń dìde padà lẹ́yìn rẹ̀, bí àwọn tó ń ti rúkúù, ìtẹríba inú ìrun, dìde.

Alájì Lásísì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá Sídíkà, ṣé ẹ̀ ń gé e ni, àbí ẹ̀ ń kí i?"

Ẹnì kan ní, "Koríko ló ń kí wọn. Wọ́n mọ àgbà."

Ẹ̀rín wá tú. Kí n má purọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi náà, ṣùgbọ́n mo rí ọrùn ọkọ mi bó ṣe le gbọingbọin. Ó yí i padà, ó tún lọ. Bákan náà. Alájì Lásísì fọwọ́ kan àpò, kọ́kọ́rọ́ dún níbẹ̀. "Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Àwọn èèyàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń lọ lọ́la ni."

Bàbá Ràfíù ní abẹ ló kú. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọkọ mi ju ẹ̀rín gbogbo jámọ́à lọ. "Abẹ tí mo pọ́n yẹn? Ẹ tẹ orí wá, kí n fi fá a fún yín." Mo rí i pé ìjà ni wọ́n fẹ́ jà. Mo ní, "Ẹ pa á, ẹ gbé e sókè, ká wò ó."

Wọ́n pa á, wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè. Bàbá Sídíkà kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí abẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Ojú tó pọ́n ń dán bí ọjọ́ tó pọ́n ọn, ó gbẹ, kò rí koríko rí. Ẹ̀yìn abẹ ló tutù, tí oje koríko sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fọwọ́ ra ibi tó tutù, ó fọwọ́ ra ibi tó gbẹ.

"Ẹ̀yìn ló ń yí sí," ló wí.

Bàbá Ràfíù náà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó fi ìka tọ bẹ́líìtì dé ibi tó ti lọ́ ọ. "Ìlọ́ yẹn ni."

"Ìlọ́ yẹn ni."

"Ata ò mọ̀ bóyá ọ̀tún lòkúta ń yí sí tàbí òsì," ni Bàbá Ràfíù wí, "yóò ṣáà kúná. Mi ò rò ó dé ibí yìí." Ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó tún dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin gbígbóná yẹn nínú ààwẹ̀.

Kí wọ́n tó yọ bẹ́líìtì, kí wọ́n tó wá bí yóò ṣe gbà láìlọ́, a ti kírun Alásárì ìrọ̀lẹ́. Etí kan lára bẹ́líìtì ti ń ya. Bàbá Sídíkà gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, koríko ṣubú, kò dìde. Òórùn tútù rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan rọra pe Alláhù Akbar lẹ́yìn mi, mi ò bojú wẹ̀yìn, torí omi ti ń yọ lójú mi.

Ó gé e títí ó fi dé ìdajì, ó wá wo oòrùn. Àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ ti tó. Ó ti tọrọ àyè ọjọ́ Iléyá lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kò tún lè pa alẹ́ yẹn jẹ. Bàbá Ràfíù náà gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù padà, òun ni yóò sì gbé ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí.

"Ìyá Sídíkà, gùn ún."

Alájì Lásísì ní, "Obìnrin kẹ̀?"

"Òun ló fọ táǹkì ẹ̀," ni ọkọ mi fèsì, ó sì wọ ọkọ̀.

Mo so ìbòrí mi dáadáa, mo ká ìró, mo gùn ún. Ìjókòó irin yẹn gbóná. Mo rántí òwú ìyá mi. Mi ò wo pápá lódindi, torí tí mo bá wò ó lódindi, àyà mi á já. Mo pín in sí ojú-ojú lọ́kàn mi, mo sì ń gé e ní ojú kọ̀ọ̀kan, ìlà kan lórí etí ìlà kan. Mo rọra ń lọ, etí mi wà lára bẹ́líìtì tó ń ya, torí tó bá já, gbọ̀ngàn nìyẹn. Àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ àti ìgbálẹ̀ kó koríko lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, Alájì Lásísì ti bọ́ agbádá, ó ń rìn níwájú mi pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣa òkúta àti ẹ̀ka igi kúrò lọ́nà. "Ẹ rọra, Ìyá Sídíkà. Òkúta wà níbí. Ẹ yà díẹ̀ sọ́wọ́ òsì." Nínú ooru, nínú ààwẹ̀, àgbàlagbà tó ń fi pẹ́ẹ̀nì ṣiṣẹ́.

Ojú tó kẹ́yìn ni mo wà tí oòrùn fi wọ̀, tí wọ́n pe ìrun Mọ́gàríbì. Mo gé e tán, mo pa ẹ́ńjìnnì. Etí mi ń hó. Alájì Lásísì fi dàbínù lé mi lọ́wọ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀, orí katakata ni mo ti ṣínu. Òun náà fi tirẹ̀ sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló ní, "Láàárọ̀ ọ̀la, kí n tó wá síbí, màá dá kọ́kọ́rọ́ wọn padà."

Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, a tẹ́ ẹní àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì kárí pápá. Bàbá Sídíkà ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, ó fi agbádá bo aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí a foríkanlẹ̀ tí a sì dìde, gbogbo wa ló ní koríko níwájú orí, Ààfáà pàápàá. Ìwàásù ọjọ́ náà gùn, torí kò sẹ́ni tó máa lé wa. Ó gùn débi pé mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí wọ́n lọ pe ẹni tó ń gbé àga ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́sí. Mo gbọ́ tí Alájì Lásísì náà ń sọ fún àlejò kan pé, "Àwa fúnra wa la gé e." Sídíkà kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn ń sáré kiri láìwọ bàtà.

Nírọ̀lẹ́, Mista Kálífìn dé. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ pé ṣebí mo sọ fún yín. Ó bọ́ bẹ́líìtì tó ti ya yẹn, ó ní kí n gbé aṣọ wá. Ó ká bẹ́líìtì lọ́wọ́, ó ń wá ibi tí yóò gbé e sí. Gbogbo ojú ti ní ọ́ìlì ohun tó jókòó síbẹ̀. Igun tèmi nìkan ló mọ́. Ó gbé e síbẹ̀, òbìrí dúdú kan sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo fọ aṣọ yẹn títí, kò lọ. Nígbà tó yá, mi ò fọ̀ ọ́ mọ́.

Mista Kálífìn ti lọ báyìí, àti àwọn onífìlà yẹn, pupa àti aláwọ̀ ewé. Bàbá yín àgbà náà ti lọ, kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mọ́sáláṣí ńlá wà lórí ilẹ̀ náà, ọ̀dà dúdú ti bo pápá, orí rẹ̀ ni ẹ̀ ń páàkì mọ́tò sí. Ìwọ̀nba koríko tó kù kò ju ẹ̀gbẹ́ ọgbà lọ. Kò sẹ́ni tó tún ń gbé àga sábẹ́ igi láti bú katakata ẹlòmíràn. Iléyá náà ti rin ìrìn àjò. Ó kúrò nínú ooru, ó wọ inú òjò dídì, a ń gbọ̀n kírun, ó kọjá níbi tí ewé ti ń já, ó ti wá padà sínú ooru tó ti bá wa nígbà yẹn. Tọdún yìí náà ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, jámọ́à sì ti ní kí ilé wa gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

Nígbà tí ògì mi di kókó láàárọ̀ yìí, mo gbé e kalẹ̀, mo jáde sẹ́yìnkùlé. Sídíkà ti pa ẹ́ńjìnnì, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Àdìrẹ wà nílẹ̀. Àmínà, ìwọ tí o dàgbà jù nínú ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, tí o kì í fẹ́ kí ọwọ́ rẹ dọ̀tí, ìwọ lo di bẹ́líìtì tuntun mú. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún ọ. O wo aṣọ láti òsì lọ sí ọ̀tún, o rí òbìrí dúdú yẹn ní igun, o gbé e kalẹ̀ sórí rẹ̀. O wá bi mí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni wọ́n yà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ní ohun tí o gbé síbẹ̀ yẹn náà ni.